Ọjọ́ Mẹ́fà Yòókù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, ràtìbí àti ilé àdúrà àdúgbò wa

Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rìn kiri tí mò ń ya fọ́tò àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké àti ràtìbí àtijọ́, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí ní ìbéèrè oríṣiríṣi, àwọn kan tiẹ̀ máa ń bínú pé kí ló kàn mí. Mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè tàbí Jímọ̀ ni mò ń wá, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù ni tèmi. Kí ni ilé yẹn ń ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè?

Kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní ilé ìjọsìn kékeré? Ṣé torí pé èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀ ni?

Àwọn Mùsùlùmí ti bá wa yanjú èyí tipẹ́. Ràtìbí ni mọ́ṣáláṣí àdúgbò tí wọ́n ti ń kírun márùn-ún ojoojúmọ́, tó bá di Jímọ̀ gbogbo wọn á kóra wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Ọ̀dọ̀ àwa onígbàgbọ́ ló dà bíi pé ó rú díẹ̀, a ní ìjọ ẹ̀ka, a ní ìjọ oko, a ní ilé àdúrà, ẹlòmíì á kó bẹ́ńṣì mẹ́rin sínú pálọ̀ tá á sì pè é ní kàtídírà. Èmi ò ka orí. Ibi tí ìyá arúgbó lè fẹsẹ̀ rìn dé láìwọ ọ̀kadà, tí àwọn ará àdúgbò sì lè sọ ẹni tó po amọ̀ ògiri ẹ̀, ibẹ̀ ni kékeré lójú tèmi.

Badagry ni ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà àbí Abẹ́òkúta? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa parí ìjà yìí.

Ìjà yẹn ò lè parí o, torí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ní September 1842 ni Thomas Birch Freeman tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Badagry, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe Kérésìmesì àkọ́kọ́ níbẹ̀, abẹ́ igi àgíà ni wọ́n sì ti wàásù. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, òjìji igi ni ṣọ́ọ̀ṣì. Igi yẹn wà níbẹ̀ títí di 1959 kó tó wó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS (míṣọ̀n àwọn Áńgílíkà láti Ìlú Ọba) tí gbogbo èèyàn máa ń lọ wò ní Badagry, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, ilé gbígbé ni ìyẹn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti Abẹ́òkúta, January 1843 ni Henry Townsend ti CMS débẹ̀, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther tó wá jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ ni St Peter's Àkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun sì làwọn èèyàn ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ ilé lẹ̀ ń wá, ẹ lọ sí Àkẹ́. Èmi ṣá, mo fara mọ́ àwọn ará Badagry. Igi tó lè ṣíji bo èèyàn tó ń gbàdúrà, ó ti ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló ní ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀? Inú ẹ̀ gan-an ni! Ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1843 ni William de Graft àti ìyàwó ẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Badagry, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ lédè òyìnbó, tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ẹ̀, kò ju ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ìjọ tó ṣì jẹ́ ìkókó lọ. Ẹ ò rí i pé wọn ò tiẹ̀ fi bò pé ọmọ ilé-ìwé òní ni ọmọ ìjọ ọ̀la.

Bó ṣe máa ń rí ní abúlé ni pé ilé kan ṣoṣo ni wọ́n lágbára láti kọ́, ògiri amọ̀, òrùlé koríko, páànù tí owó kòkó bá dé. Èèyàn kan ṣoṣo náà ló ń bẹ níbẹ̀, kátíkíìsì, òun ni tíṣà, òun ni òǹkọ̀wé fún gbogbo abúlé, òun ló ń bá ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà l'Ékòó ka lẹ́tà, òun náà ló ń bá a kọ èsì, torí ẹ̀ àṣírí gbogbo abúlé wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mọ́ńdè sí Fúráídeè wọ́n á to bẹ́ńṣì kí ọmọ lè kọjú sí pátákó, tó bá di Sátidé wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á tún un tò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé ti ṣèrìbọmi fún mi, ẹ̀yìn tábìlì mímọ́ ni pátákó dúdú wà, wọ́n sì máa ń dójú ẹ̀ kọ ògiri lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìgbà kan wọ́n gbàgbé. Gbogbo ìwàásù ọjọ́ yẹn, ìlọ́po méje ni mo kà láti òkè délẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n ò rántí ẹsẹ Bíbélì kankan.

Ti Ìbàdàn tún dùn. Ní 1853 tí David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, àti Anna ìyàwó ẹ̀ wá jókòó sí Kúdẹtì, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ fọmọ lé wọn lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé. Àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn nínú ọgbà míṣọ̀n. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà lẹ́yìn 1860, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wọ́n pa, ẹrù ilé ni Anna ń tà kí wọ́n tó lè jẹun. Ẹ wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé, ilé ọmọ, ilé oúnjẹ, inú ọgbà kan náà.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ ya bo ilé-ìwé bí eéṣú, ilé tí àwọn ìjọ ti kọ́ kalẹ̀ yẹn náà ló gba púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ilé-ìwé ìjọba lónìí tó ṣì ń jẹ́ St. báyìí-báyìí, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì wà láàárín ọgbà ẹ̀.

Agogo yẹn ńkọ́, ṣé fún ìsìn nìkan ni?

Rárá o. Agogo ni aago gbogbo ìlú nígbà tí aago ọwọ́ ò tíì pọ̀. Tó bá dún láàárọ̀, ọmọ ti pẹ́ nílé-ìwé nìyẹn. Tó bá ń dún díẹ̀díẹ̀, tó ń sinmi láàárín, èèyàn kan ti kú, obìnrin á sọ ọmọrogùn sílẹ̀ á bọ́ síta láti bèèrè pé ta ni. Tó bá ń dún gìjàgìjà láìsinmi, iná ni. Ìjọ mìíì ò ní agogo rárá, irin rélùwéè tàbí ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n so kọ́ ẹ̀ka igi, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Mo gbọ́ pé kòkó àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ rìn wọ oko ni. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ pọ́ńbélé, èyí sì ni ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ láti Breadfruit ní Èkó, St Paul's. 1852 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ sí tẹ́lẹ̀, lábẹ́ igi tí wọ́n fi sọ àdúgbò lórúkọ. James Johnson ló wá ń darí ibẹ̀ láti 1874, àwọn ọmọ ìjọ sì fẹ́ràn ẹ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù kékeré, bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ní kó kó kúrò nílé pásítọ̀ Breadfruit. Ó di wàhálà. Ní ọjọ́ 13 oṣù October 1901, àwọn tínú bí jáde, wọ́n lọ ṣe ìsìn tiwọn ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Rose Cottage ní Marina. Ibẹ̀ ni African Church ti bẹ̀rẹ̀. Ilé gbígbé ni o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. James Johnson fúnra ẹ̀ ò sì tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń jà fún un jáde, òun dúró. Ayé!

Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, oníṣòwò ńlá tó ní oko kòkó rẹpẹtẹ ní Agége. Lábúlé-lábúlé ni wọ́n ti ń wá bá a ṣiṣẹ́ lóko. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n ń bá wọn ṣe ìsìn láàárọ̀ lálẹ́, tí wọ́n bá wá ń padà sílé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á mú èso kòkó dání, wọ́n á mú ìwé orin dání. Wọ́n á gbin ọ̀kan sóko, wọ́n á fi èkejì dá ìjọ sílẹ̀ létí oko náà. Èèyàn tó kọ́ yín ní kòkó lónìí, tẹ́ ẹ bá rówó ẹ̀ lọ́dún kẹfà, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìwàásù lẹ́nu ẹ̀ ni?

Torí ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì abà fi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó. Ìgbà ìkórè, kòkó wọlé, ọrẹ wọlé. Kérésìmesì àti Àjíǹde, abà á dá páropáro, gbogbo wọn ti lọ sílé.

Ṣé wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta nígbà kan rí?

Wọ́n wó o dáadáa. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ 13 oṣù October 1867 (ẹ ò rí i, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Rose Cottage, Sọ́ńdè ni méjèèjì). Ìjà àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó Èkó ló fà á, wọ́n ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ bá wọn sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ń rìn ní Ẹ̀búté Mẹ́ta tẹ́ ẹ rí i pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ jù, apá kan ìdí ẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó sá wá kò ní baálẹ̀ níbẹ̀, kò ní agboolé, ìjọ ni agboolé wọn.

Báwo ni ilé àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ inú pálọ̀ èèyàn ni gbogbo wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Lúkúlúkú ni o, àjàkálẹ̀ àrùn gágá tó jà ní 1918. Ìjọba ti ilé-ìwé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kéèyàn má kóra jọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń kú lọ sùn? Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Saviour's, J. B. Ṣàdáre ni aṣáájú wọn, ti ń kóra jọ gbàdúrà, tíṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sì wà láàárín wọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Inú Áńgílíkà ni wọ́n kọ́kọ́ wà, àfi ìgbà tó di 1922 tí wọn ò lè jọ wà mọ́, torí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ò gba ìrìbọmi ọmọdé, wọn ò sì lo oògùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó já sí ìsọjí Babalọlá ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, 1930 ti bẹ̀rẹ̀, tó sì di CAC, Christ Apostolic Church, tá a mọ̀ lónìí.

Kérúbù àti Séráfù náà, 1925 l'Ékòó, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún kan, Àbíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n, ló wọ ìran, wọ́n pe Mósè Orímọládé wá gbàdúrà fún un nílé, àwọn èèyàn bá ń ya wá sílé náà, ilé di ilé àdúrà. Redeem tí ayé mọ̀ báyìí, ilé kan ní Willoughby Street, Ẹ̀búté Mẹ́ta ni Josiah Akíndayọ̀mí ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1952. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ wá láti Porto-Novo, 1947 ni Oshoffa gba ìpè, àwọn apẹja ló sì gbé e wọ Makoko tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe dé Èkó.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí wọ́n tún ti gbogbo ilé ìjọsìn ní 2020 nítorí kòrónà, ibo làwọn èèyàn padà sí? Pálọ̀.

Ìyá mi ní ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Kí lobìnrin ń wá níbẹ̀ tí hósípítù wà?

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ìjọ tí ò gba oògùn gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe fún aboyún, torí ẹ̀ ni ilé agbẹ̀bí ṣe gbilẹ̀ láàárín àwọn Aládùúrà. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibùsùn méjì mẹ́ta, omi àdúrà, àti ìyá agbẹ̀bí tó mọ̀ yín lórúkọ. Kò sí pé kí wọ́n san owó kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin, aboyún á máa rìn káàkiri bó ṣe wù ú. Ìtọ́jú tí ara fẹ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ hósípítù ò ní in.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí ọmọ dábùú, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé e, orin ò lè dá a dúró, hósípítù ló kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò ìlera fi ń bẹ àwọn aboyún pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní hósípítù bí wọ́n tiẹ̀ ń lọ sílé àdúrà, ìjọba Èkó sì máa ń dá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè tètè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé aboyún lọ sí hósípítù. Agbẹ̀bí tó dáa kì í bá a fà á.

Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ń sọ. Àwa Mùsùlùmí ńkọ́?

Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ràtìbí ni ilé tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn, torí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń ṣí i lójúmọ́. Láàárín ìrun, ilé kéú ni, ọmọ á tẹ́ ẹní síta, wàláà lórí itan, pàṣán àfáà létí. Yìgì síso ńbẹ̀. Sàárà ńbẹ̀. Nínú oṣù Ràmàdáánì, tàfúsírì ni títí ìṣínu á fi tó. Àlejò tílẹ̀ ṣú mọ́ lè sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń kà sí ni omi: níbi tí ẹ̀rọ ìjọba kì í yọ omi, kànga àlùwàlá ràtìbí ni gbogbo àdúgbò, títí kan ìyàwó pásítọ̀, ti ń pọn.

Nínú àwọn tó ti pẹ́, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó ni kẹ́ ẹ lọ wò. Mohammed Shitta, ọmọ Sàró tó ṣòwò dé apá òkè Odò Ọya lọ́hùn-ún, ló fowó ẹ̀ kọ́ ọ, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, ló yàwòrán ẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù July 1894. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam tó dá mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ ní Liverpool náà wà níbẹ̀, òun ló gbé oyè Bey wá fún Shitta láti ọ̀dọ̀ Súltáànù àwọn Tọ́kì. Onígbàgbọ́ Àgùdà ló kọ́lé fún Mùsùlùmí, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Porto-Novo ẹ tún wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ wọn, ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni.

Àwọn Àgùdà tiwọn náà, kí fáda òyìnbó tó dé, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà l'Ékòó nínú ilé àdúrà kékeré. Ibẹ̀ ni Holy Cross ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé òrìṣà ńkọ́? Ṣé àwọn yẹn kì í ṣe ilé ìjọsìn?

Àwọn ló ṣáájú. Ojúbọ ìdí ilẹ̀kùn agboolé, kò sí èyí tó kéré tó o. Láàárín ọ̀sẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ti di gáréèjì ọkọ̀ báyìí. Èyí tó dára pọ̀ mọ́ ti ayé òde òní ni Ìjọ Ọ̀rúnmìlà, 1920 ni wọ́n dá a sílẹ̀ l'Ékòó, àwọn èèyàn ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wàásù láti inú Ifá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé UNESCO ní 2005. Ní Brazil, ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Casa Branca ní Salvador, Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó, ìjọba wọn fi sábẹ́ ààbò ní 1984. Àwọn tá a tà lẹ́rú ló tọ́jú tiwọn, àwa tá a wà nílé ń fi gbégílẹ̀ wó tiwa.

Kí ló dé tí ṣọ́ọ̀ṣì fi kún inú ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó?

Ilé iṣẹ́ kógbá sílé láàárín ọdún 1980 sí 1999, òrùlé gíga ńbẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ńbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ń wá ẹni tó máa san owó. Ilé sinimá náà rí bẹ́ẹ̀, fídíò ti gba oníbàárà wọn. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ariwo. Ní 2016 ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ariwo, wọ́n ti hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí mọ́ ọn. Èmi gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ kan tí n ò ní dárúkọ rí, èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n, lásípíkà mẹ́fà ló ń bẹ lójúde wọn. Mo lọ bẹ wọ́n. Wọ́n gbàdúrà fún mi, nínú lásípíkà.

Àwọn tó wà ní London ní àwọn ń jọ́sìn nínú ilé bíńgò. Ṣé wọn ò purọ́ fún wa?

Wọn ò purọ́. Ẹ lọ sí Woolwich. Ilé sinimá méjì dojú kọra níbẹ̀, Granada àti Odeon, 1937 ni wọ́n ṣí méjèèjì. Granada di ilé bíńgò, nígbà tó yá bíńgò náà kógbá wọlé, Christ Faith Tabernacle sì wọbẹ̀. Odeon di New Wine Church. Ọmọ Nàìjíríà ló dá ìjọ méjèèjì sílẹ̀. Ní Old Kent Road, ẹ̀yìn ọjà táyà àti ibi ìtún-ọkọ̀-ṣe ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Kì í ṣe oní náà ló sì bẹ̀rẹ̀, láti 1964 ni Ìjọ Olúwa Aládùúrà ti wà ní gúúsù London.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń pín oúnjẹ fáwọn tí ò rí jẹ, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé á sì ti ibẹ̀ gbọ́ ibi tí yàrá wà àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ohun tí kátíkíìsì ń ṣe ní abà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ìyípadà ilé ìjọsìn jẹ́ nǹkan tuntun ní ìlú yẹn, ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Brick Lane. Àwọn onígbàgbọ́ tó sá kúrò ní Faransé ló kọ́ ọ ní 1743. Ó di ti Mẹ́tọ́díìsì ní 1819. Ó di sínágọ́gù àwọn Júù ní 1898. Láti 1976, mọ́ṣáláṣí àwọn ará Bangladesh ni. Ògiri kan náà, àwọn àlejò tó ń wọ àdúgbò ló ń yí padà.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjọ nínú pálọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, tí ẹ bá fẹ́ lè ra ilẹ̀ tàbí ṣí àkáǹtì lórúkọ ìjọ, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ yan àwọn alágbàtọ́ tí wọ́n máa di nǹkan ìjọ mú. CAC tí mò ń wí yìí, ti ìjọba ni o, àwọn tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́ CAC lẹ́nu mi, ó gba Christ Apostolic Church lọ, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ti di ọmọ akọrin níbẹ̀. Ìlú Ọba lẹ wà? Kánsù lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé kankan, torí ilé ìkẹ́rùsí kì í di ilé ìjọsìn láìgba àṣẹ.

Ṣé ó dáa kí wọ́n máa dìbò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì?

INEC tó ń ṣètò ìdìbò ti dáhùn. Ní 2021 wọ́n kó ibùdó ìdìbò 749 kúrò níbi tí kò yẹ, 21 nínú ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, 6 ní mọ́ṣáláṣí, 9 ní ojúbọ òrìṣà. Ààfin ọba ló pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, 145.

Ìjọ wa fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ kí wọ́n fi kọ́ tuntun. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ ọmọdé ni mí nínú ìjọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má bá wọn jà, ẹ ò lè borí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó ti dáwó jọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ ya fọ́tò òkúta ìpìlẹ̀, kí orúkọ àti ọdún hàn kedere, ẹ fi omi wẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ya inú, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya ibi tí páànù ti jò. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi sí, ẹ ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí bàbá bàbá ọ̀pọ̀ èèyàn sí, ikán ò sì ní dúró de ìgbìmọ̀. Agogo, ẹ rí i dájú pé wọn ò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ lọ. Ẹ má bi í nípa ìsìn o, ẹ bi í pé ta ló ń dáná fún tíṣà, níbo lẹ̀ ń jókòó sí tí òjò bá ń rọ̀, ta ni wọ́n gbé wọ inú ilé yìí tí kò sàn, ta ló sá wá síbẹ̀ lóru. Ẹ gbé nǹkan jíjẹ dání fún un. Ẹ mú ìwé àti bíró lọ pẹ̀lú, torí wákàtí mẹ́ta ló lò pẹ̀lú tèmi, wákàtí kan àbọ̀ ni fóònù mi ti kú.